Ẹ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ asáré yín: ṣé dandan ni alignment?

Ẹ bi mẹkáníìkì méjì bóyá dandan ni kí ẹ ṣe alignment, ìyẹn títún igun táyà ṣe, lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba ìdáhùn méjì. Ọ̀kan á ní, "Ṣọ́ọ̀kì lásán la pààrọ̀, kí ló kan alignment níbẹ̀?" Èkejì á ní bí ẹ ò bá ṣe é kíákíá, táyà yín ti lọ nìyẹn. Ohun tó ń da orí ọlọ́kọ̀ rú ni pé àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Ọkọ̀ tó wà lọ́kàn wọn ni kò rí bákan náà.

Ẹ gbàgbé ṣọ́ọ̀kì tuntun tí ẹ rà ná. Bóòtù tí wọ́n fi sípánà tú kí ti àtijọ́ tó lè jáde ni kí ẹ béèrè. Ṣé bóòtù yẹn wà lára àwọn tó ń sọ bí táyà á ṣe dúró, àbí ó kàn so ṣọ́ọ̀kì mọ́ àyè rẹ̀ ni? Ẹni tó bá mọ èyí nípa ọkọ̀ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ alignment dà á lọ́kàn rú mọ́.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ balancing kúrò lọ́nà, torí wọ́n máa ń pa á pọ̀ mọ́ alignment. Bí sítíárín bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbà tí eré ọkọ̀ bá sún mọ́ 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá dẹwọ́ eré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwúwo táyà ni kò dọ́gba yíká. Balancing nìyẹn, irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ rìímù. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú títì tó tẹ́jú, tàbí tí sítíárín wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, ìyẹn ni kí ẹ gbé lọ bá oní-alignment. Mo mọ ẹnì kan tó sanwó alignment lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìgbọ̀n tí irin tíńtín kan ì bá ti pa rẹ́.

Igun mẹ́ta

Iṣẹ́ alignment ni kí wọ́n wọn bí ẹsẹ̀ mẹ́rin ọkọ̀ ṣe dúró sí ilẹ̀ àti sí ara wọn, kí wọ́n sì dá wọn padà síbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní kí wọ́n wà. Igun mẹ́ta lẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn: camber, caster àti toe.

Ẹ dúró síwájú ọkọ̀, kí ẹ wo táyà iwájú méjèèjì. Bí orí wọn bá fara ti inú tí ìdí wọn sì ya síta, bí ẹni tó yakata dúró, camber òdì nìyẹn. Ọkọ̀ asáré fẹ́ràn òdì yìí díẹ̀. Tó bá ń fi eré já kọ́nà, ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ síta, táyà ẹ̀gbẹ́ ìta á sì fẹ́ fi etí kan ṣoṣo dúró. Bó bá ti yakata díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo ojú rẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀. Dígírì 1 sí 2 wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ asáré tó ń rìn lójú títì. Àwọn tó ń gbé tiwọn lọ sá eré lórí pápá máa ń dé 3 tàbí kí wọ́n kọjá á, wọ́n sì mọ̀ pé etí inú táyà ló máa san gbèsè náà.

Caster jẹ mọ́ ìlà tí táyà iwájú ń yí lé lórí. Ó fi orí sẹ́yìn, bí irin iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe fi orí sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn ún. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárín dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ táyà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Toe ni kí ẹ bẹ̀rù. Ká ní ẹ lè dúró lókè bí ẹyẹ kí ẹ máa wo ọkọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ó rí i bóyá imú táyà méjèèjì kọjú síra wọn díẹ̀, tàbí wọ́n ya síta. Ojú lásán kì í sábà rí i, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe ọṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ mú táyà tó ga ní 600 mìlímítà láti ilẹ̀ dé orí, kí ẹ jẹ́ kí toe iwájú lápapọ̀ fi mìlímítà 3 yẹ̀. Mìlímítà 1.5 lórí 600 ló kan táyà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.0025. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi rin kìlómítà kan, táyà kọ̀ọ̀kan ti fẹ̀gbẹ́ ra títì ní mítà 2.5. Tó bá fi rin 1,000 kìlómítà, kìlómítà méjì àbọ̀ ni wọ́n ti fẹ̀gbẹ́ wọ́ ọ nílẹ̀. Táyà ọkọ̀ asáré rọ̀, ó fẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú ò rí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra pa ojú táyà láti inú síta, kí ẹ sì tún pa á láti ìta sínú. Bí apá kan bá ń jọ̀lọ̀ tí apá kejì ń gún ọwọ́ bí eyín ayùn, toe ti wà lẹ́nu iṣẹ́. (Ẹ rọra o. Táyà tó ti gbó dé okùn irin inú rẹ̀ lè ya èèyàn lọ́wọ́.)

Òpó ni àbí àlejò?

Nǹkan tí gbogbo wa ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà so ó mọ́ ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn méjì àwọn mẹkáníìkì wa ti wá.

Àkọ́kọ́ ni MacPherson strut. Orúkọ Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi pè é, Ford Consul àti Zephyr tó jáde ní Ìlú Ọba ní 1950 sì wà lára ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó. Níbi tí strut bá wà, ṣọ́ọ̀kì ni òpó. Orí rẹ̀ wọnú ara ọkọ̀ lókè, ìdí rẹ̀ di họ́ọ̀bù, irin tí táyà so mọ́, mú nísàlẹ̀, kò sì sí apá irin mìíràn lókè tó ń di táyà náà dúró. Bí òpó bá ṣe fara tì ni táyà á ṣe fara tì. Porsche 911 ti ń lo strut níwájú láti àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì di irú rẹ̀ kan, GT3 tó jáde ní 2021, kí 911 ojú títì kan tó fi apá irin méjì rọ́pò rẹ̀. Toyota GT86 lo strut níwájú. Porsche Boxster lò ó fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ sún mọ́ ìdí strut kí ẹ wò ó dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bóòtù gbọọrọ méjì ló so ó mọ́ họ́ọ̀bù, ọ̀kan lórí èkejì. Ihò tí bóòtù gbà kọjá máa ń fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, kó lè ṣeé tì wọlé. Ká ní àárín bóòtù méjèèjì jẹ́ 60 mìlímítà, kí bóòtù òkè sì fi mìlímítà 1 péré sún. Camber ti yí padà ní nǹkan bíi dígírì kan nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Tie rod tó ń gbé agbára sítíárín lọ sí họ́ọ̀bù ò sún kúrò níbi tó wà, nítorí náà bí họ́ọ̀bù bá ti yí orí, toe á bá a lọ. Bí mìlímítà kan ṣe ń sọ táyà di ẹran ayùn nìyẹn.

Lára àwọn mìíràn, bíi Boxster, họ́ọ̀bù ló gbá ìdí strut mọ́ra, òkè níbi máńtìn, ìdè tó so orí strut mọ́ ara ọkọ̀, ni wọ́n ti ń tún camber ṣe. Bóòtù yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀: bí wọ́n bá ti yọ strut, alignment di dandan.

Àgbà mẹkáníìkì máa ń fi ọ̀dà funfun sàmì yí orí bóòtù ká kó tó tú u, kó lè dá a padà síbi tó wà. Ó dára bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń fẹ́ràn ẹni tó bá ṣe é láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Àmì náà á jẹ́ kí ọkọ̀ lè rìn dé ọ̀dọ̀ oní-alignment láìjẹ táyà. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn, nítorí pé strut tuntun kì í ṣe àtijọ́, ihò tirẹ̀ lè fi bí irun orí yàtọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti apá irin méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n jọ di họ́ọ̀bù mú bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ méjì gbá ìkòkò mú. Mazda MX-5 tó jáde ní 1989 rí bẹ́ẹ̀, Honda S2000 àti Corvette náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kàn wà láàárín apá ìsàlẹ̀ àti ara ọkọ̀ ni. Àlejò ni nínú ilé yẹn: ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òun kọ́ ló gbé ilé ró. Tí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ fi òmíràn síbẹ̀, tí sípíríìngì àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, tí gíga ọkọ̀ ò yí, tí wọn ò fọwọ́ kan bóòtù mìíràn, alignment kì í ṣe dandan. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ jàre.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn nípa bóòtù mìíràn yẹn ni kí ẹ dì mú. Àyè máa ń há, apá irin ò sì ní lọ sílẹ̀ tó kí ṣọ́ọ̀kì lè yọ. Ẹni tó ń kánjú á wá tú bóòtù ìdí apá irin náà. Lára MX-5 tí mo dárúkọ, àwọn bóòtù yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣètò igun táyà. Àárín wọn kò bọ́ sí àárín gbùngbùn, tí wọ́n bá yí i, ìdí apá irin á sún, wọ́n sì fín ìlà wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀ fún ìwọ̀n. Bí wọ́n bá ti tú u, ẹ ò ní alignment mọ́, bí ṣọ́ọ̀kì tilẹ̀ jẹ́ àlejò. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá lọ gba ọkọ̀, ẹ béèrè ní tààrà: "Bóòtù wo lẹ tú?"

Gíga ọkọ̀

Sípíríìngì ló ń gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti dá ìfò rẹ̀ dúró, nípa mímú ọ́ìlì gba ihò tóóró kọjá. Ó yẹ kí pípààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì má yí gíga ọkọ̀ padà rárá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ asáré ní gáàsì tí wọ́n há mọ́ inú, gáàsì náà sì ń ti ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì síta nígbà gbogbo. Ọ̀pá tó fẹ̀ ní mìlímítà 14, tí agbára gáàsì inú rẹ̀ jẹ́ 20 bar, á máa fi bíi agbára 30 kìlógíráàmù gbé igun ọkọ̀ náà sókè. Ti àtijọ́ tí gáàsì rẹ̀ ti jò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ lè tipa báyìí fi mìlímítà díẹ̀ ga ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ sípíríìngì lẹ jọ pààrọ̀, tàbí tí ẹ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kó lè lẹ́wà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ lọ ṣe alignment. Apá irin ń yí lórí ìdí rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lórí ìdè. Bí ara ọkọ̀ bá lọ sílẹ̀, orí apá náà á lọ sókè, á sì tún sún síta tàbí sínú díẹ̀. Tie rod ní ìlà tirẹ̀ tó ń tọ̀, ìlà méjèèjì kì í sì í bára mu títí dópin.

Ohun kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú tépù, kí ẹ wọn láti àárín rìímù dé etí ara ọkọ̀ tó wà lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́. Òǹkà mẹ́rin yẹn á sọ fún yín ohun tí mẹkáníìkì lè má sọ.

Bóòtù tí wọ́n dè nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ so rọ̀

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí, àwọn tó sì mọwọ́ sípánà dáadáa ló ń ṣe é.

Búṣì tó wà ní ìdí apá irin, rọ́bà ni, ó lẹ̀ mọ́ irin inú, ó sì lẹ̀ mọ́ irin ìta. Bí ẹ bá ti dè bóòtù rẹ̀ pinpin, irin inú ò lè yí mọ́. Rọ́bà ló ń lọ́ nígbàkigbà tí apá bá gbéra tàbí tó lọ sílẹ̀, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú kan tó ń yí ìbàdí. Ibi tí apá wà nígbà tí wọ́n dè é ni rọ́bà máa kà sí ilé, ibẹ̀ ló sì ti máa simi.

Tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ so rọ̀, tí wọ́n wá dè é níbẹ̀, ilé rọ́bà náà ti di ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n á sọ ọkọ̀ kalẹ̀, apá á gòkè, rọ́bà á wà ní lílọ́ láàárọ̀ lálẹ́, á máa ti ọkọ̀ sókè. Ọkọ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, oní-alignment á sì fi gíga irọ́ yẹn ṣètò igun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ rọ́bà á rẹ̀, á ya, ọkọ̀ á sọ̀ sí gíga rẹ̀ gangan, toe tí ẹ sanwó fún á sì lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo ń yọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì tuntun jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi gbéra, láìmọ̀ pé búṣì ló ń jìyà. Nígbà tí búṣì náà ya, mo san owó rẹ̀, mo sì tún san owó alignment lẹ́ẹ̀kejì.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ dè bóòtù búṣì kó kàn mú, kí wọ́n wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi jáàkì gbé họ́ọ̀bù sókè títí ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn fi pé, nígbà náà ni kí wọ́n dè é pinpin. Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ alápá méjì náà ní búṣì, òfin kan náà ló mú un. Bóòtù méjì ìdí strut kò ní rọ́bà, wọ́n lè dè é níbi tó wù wọ́n.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú

Alignment ló ń kẹ́yìn. Ohunkóhun tó bá lè mú igun tàbí gíga yí padà gbọ́dọ̀ ti parí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ti jáde, ẹ wo rọ́bà máńtìn orí rẹ̀ àti bẹ́ríìnì rẹ̀. Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ kan náà ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá èyí tó ti là padà. Ọ̀tún àti òsì ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ̀. Kí wọ́n mi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó so apá irin mọ́ họ́ọ̀bù, orí tie rod àti bẹ́ríìnì táyà, torí ohun tó bá ń mì kò ṣeé wọ̀n: òǹkà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde láàárọ̀ kọ́ ló máa wà níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹni tó bá fi coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tí sípíríìngì yí ká, tí gíga rẹ̀ ṣeé yí, sí i, iṣẹ́ kan ṣì kù fún un. Ẹ rántí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn: ẹsẹ̀ méjì tó kọjú síra ní ìdábùú ló ń gbé èèyàn. Ọkọ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i, ó sì lè máa já kọ́nà ọ̀tún dáadáa kó máa ṣe ségesège ní òsì. Wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé òṣùwọ̀n, pẹ̀lú awakọ̀ tàbí ohun tó wúwo tó o nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó lọ sí alignment.

Bí ṣọ́ọ̀kì yín bá ní wáyà, ẹ béèrè kí ẹ tó ra òmíràn. Irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ kan, MagneRide, tó kọ́kọ́ jáde lára Cadillac ní 2002, tí Corvette sì gbà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ìyẹ̀fun irin nínú ọ́ìlì rẹ̀, iná mànàmáná ló sì ń mú kó le tàbí kó rọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì aláìníwáyà rọ́pò rẹ̀ lásán, iná ìkìlọ̀ á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Lọ́dọ̀ oní-alignment

Kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Kí ẹ má ko ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń béèrè kí wọ́n gbé ìwúwo lé orí ìjókòó kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, BMW wà lára wọn, nítorí náà ẹ má rò pé eré ni oní-alignment ń ṣe bí ẹ bá rí i tó ń ki àpò wọ ọkọ̀ yín.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ dorí kọ. Bí wọ́n bá dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á máa rìn bí ajá tó ń fẹ̀gbẹ́ sáré, ẹ ó sì ní láti máa wọ́ sítíárín díẹ̀ kó tó lọ tààrà. Oní-alignment tó bá fọwọ́ kan iwájú nìkan, nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣeé tún ṣe, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀yìn, wọ́n á mú sítíárín dúró gbọnrangandan, wọ́n á fi irin dè é kó má mì, wọ́n á wá yí tie rod ọ̀tún àti òsì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ipò sítíárín fún ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀. Ó lè gba pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ fún un pé ibi tuntun yìí ni àárín.

Ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, èyí tó ní òǹkà ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọ̀ ewé nìkan ò tó. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé òǹkà náà bọ́ sí àárín ààlà tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀, ààlà náà sì lè fẹ̀ débi pé òsì wà ní etí kan, ọ̀tún wà ní etí kejì, kí ọkọ̀ sì máa fà. Ẹ wo bóyá ọ̀tún àti òsì súnmọ́ra. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ síbi tó tẹ́jú, kí ẹ wo bí sítíárín ṣe dúró. Bó bá wọ́, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ yín ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn.